Ẹjọ́ Tí A Dá Padà Kì Í Ṣe Ẹjọ́ Tí A Pàdánù: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ológun Fẹ̀yìntì Amẹ́ríkà àti Ẹbí Rẹ̀ Mọ̀ Nípa Ẹ̀tọ́ Àìlera

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan wà tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àwọn ológun tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ìdáhùn mẹ́ta ni lẹ́tà ìgbìmọ̀ yìí sábà máa ń mú wá lórí ọ̀rọ̀ owó àìlera: a gbà fún ọ, a kò gbà fún ọ, tàbí a dá ẹjọ́ rẹ padà. Ìdáhùn kìíní àti ìkejì yé tọmọdé tàgbà. Ìkẹta ni ó máa ń da ọkàn àwọn ènìyàn rú.

Rìmáǹdì ni orúkọ tí àwọn amòfin ń pè é. Ní Nàìjíríà, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń mú wá sí wa lọ́kàn, nítorí pé bí adájọ́ bá ní kí wọ́n lọ fi afurasí pamọ́ títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ mìíràn, a ó ní wọ́n ti rìmáǹdì rẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí àyà ìyá àgbàlagbà kan ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin bá já nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n ti rìmáǹdì ẹjọ́ ọmọ òun ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹ̀wọ̀n nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò kò ṣe iṣẹ́ wọn pé, a sì ti ní kí wọ́n lọ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá. Láti ọdún 2009 títí di 2016, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní ètò kan tí a ń pè ní MAVNI, èyí tí ó fi ń gba àwọn àjèjì tí wọ́n jẹ́ oníṣẹ́ ìlera tàbí tí wọ́n gbọ́ èdè tí àwọn ológun nílò. Èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, bẹ́ẹ̀ sì ni Hausa àti Igbo. Yàtọ̀ sí èyí, òfin gba ẹni tí ó bá ní ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà láàyè láti wọ iṣẹ́ ológun bí kò tilẹ̀ tíì di ọmọ onílùú. Àwọn tí wọ́n gba ọ̀nà wọ̀nyí wọlé ti ń fẹ̀yìn tì báyìí. Orúnkún ń dun àwọn kan, etí ń hó mọ́ àwọn mìíràn lára tọ̀sán-tòru, oorun sì ti di ohun àwátì fún àwọn tí ohun tí wọ́n rí lójú ogun kò tíì kúrò lọ́kàn wọn.

Owó náà àti ìtọ́jú tí ó so mọ́ ọn

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń mójú tó àwọn ológun fẹ̀yìntì, tí tẹrú-tọmọ ń pè ní VA, ni ó ń san owó gbà-má-bínú lóṣooṣù fún ẹni tí àìsàn tàbí ìpalára bá tipa iṣẹ́ ogun wọ ara rẹ̀. Owó yìí yàtọ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì. Kò di dandan kí ènìyàn ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó gbà á, ìjọba kì í sì í yọ owó orí nínú rẹ̀.

VA máa ń fi ìdá díwọ̀n bí àìlera náà ti wúwo tó, láti òdo dé ìdá 100, ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní ọdún 2025, ẹni tí kò ní aya tàbí ọmọ tí ó ń gbọ́ bùkátà wọn gba dọ́là 175 àti sẹ́ńtì 51 lóṣù bí ó bá wà ní ìdá 10. Ẹni tí ó wà ní ìdá 100 gba dọ́là 3,831 àti sẹ́ńtì 30. Ẹ ó rí i pé àlàfo ńlá ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ìlera gan-an tún so mọ́ ìdá yìí. Ẹni tí ó bá ti dé ìdá 50 sókè wà ní ipò àkọ́kọ́ láàárín àwọn tí ilé ìwòsàn VA ń tọ́jú, kò sì ní san owó ìtọ́jú tàbí owó oògùn níbẹ̀. Bí ológun náà bá padà wá gbé ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo, ètò kan wà tí VA fi ń san owó ìtọ́jú rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n àìsàn tí VA bá ti gbà pé iṣẹ́ ogun ni ó fà nìkan ni ètò náà wà fún. Àìsàn tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ kò tíì wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹjọ́ tí ó pẹ́ nílẹ̀ fi lè di ìtọ́jú tí ó pẹ́ kí ó tó dé.

Ààrò mẹ́ta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Nǹkan mẹ́ta ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó àìlera, ẹjọ́ tí ọ̀kan bá sì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ yóò dojú dé. Ìkíní ni àìlera tí ó wà lára ènìyàn lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìkejì ni ìṣẹ̀lẹ̀, ìpalára tàbí àìsàn tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ogun. Ìkẹta ni ẹ̀rí, tí ó sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn, pé okùn kan so àwọn méjèèjì pọ̀.

Fún àwọn àìsàn kan, òfin fúnra rẹ̀ ni ó ti so okùn ìkẹta yìí. Òfin ọdún 1991 ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí kẹ́míkà apewéko tí a ń pè ní Agent Orange kàn nígbà ogun Vietnam. Òfin PACT, tí Ààrẹ Joe Biden tọwọ́ bọ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2022, tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fa èéfín kòtò tí wọ́n ti ń dáná sun ìdọ̀tí ní Ìráàkì, Afghanistan àti àwọn ibòmíràn símú. Oríṣiríṣi àrùn jẹjẹrẹ àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Òfin pàtàkì méjì mìíràn tún dúró ti ológun. Èkíní sọ pé bí ẹ̀rí ọ̀tún àti ẹ̀rí òsì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí ìwọ̀n, ológun ni kí a dá láre. Èkejì, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2000, sọ pé VA gbọ́dọ̀ ran ológun lọ́wọ́ láti wá ẹ̀rí. VA ni yóò béèrè fún àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ogun rẹ̀, yóò wá ìwé ilé ìwòsàn tí ó bá tọ́ka sí, yóò sì ṣètò àyẹ̀wò oníṣègùn níbi tí ó bá ti pọn dandan. Òfin ìkejì yìí ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹjọ́ tí a ń dá padà.

Ibi tí ẹjọ́ ti máa ń kọsẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kọsẹ̀ sí yàrá àyẹ̀wò. Oníṣègùn tí VA yàn lè kọ̀wé pé àìsàn náà kò jọ èyí tí iṣẹ́ ogun fà, kí ó má sì sọ ìdí. Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ológun fẹ̀yìntì sọ nínú ẹjọ́ Nieves-Rodriguez pé àlàyé tí oníṣègùn ṣe ni ó ń fún èrò rẹ̀ ní ìwúwo. Èrò tí kò ní àlàyé kò lè tẹ̀wọ̀n. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ nínú ẹjọ́ Barr pé bí VA bá ti gbà láti ṣe àyẹ̀wò, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àyẹ̀wò tí ó kún ojú òṣùwọ̀n.

Ibòmíràn tí ẹjọ́ ti ń kọsẹ̀ ni pé kò sí àkọsílẹ̀. Ọmọ ogun tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í fẹ́ kí ọ̀gá rí òun bí ọ̀lẹ. Yóò mu oògùn ara ríro, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, VA yóò wo ìwé, kò ní rí ohunkóhun. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ti dáhùn sí èyí ní ọdún 2006 nínú ẹjọ́ Buchanan: àìsí ìwé ìwòsàn ìgbà náà nìkan kò tó láti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ológun tàbí ti àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n kò ṣeé gbà gbọ́. Ẹ̀rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ní ìwúwo tirẹ̀.

Ẹjọ́ Saunders tún lani lójú. Obìnrin kan tí ó ṣiṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ láti 1987 títí di 1994 sọ pé orúnkún òun méjèèjì ń dun òun. Oníṣègùn gbà pé ìrora náà wà, ó sì ní ìbátan pẹ̀lú iṣẹ́ ogun, ṣùgbọ́n kò rí àìsàn kan pàtó tí yóò fún ní orúkọ. VA ní ìrora tí kò lórúkọ kì í ṣe àìlera, Ìgbìmọ̀ sì fara mọ́ ọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ yí èyí padà. Ó sọ pé ìrora tí kò jẹ́ kí ara ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ lè jẹ́ àìlera lójú òfin, ó sì dá ẹjọ́ náà padà. Ẹ kíyè sí i pé ilé ẹjọ́ náà kò fún un ní owó ní ọjọ́ náà. Ìdápadà ni ó ṣe, ṣùgbọ́n ìdápadà yẹn ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara ń ro, tí àwọn oníṣègùn kò sì rí orúkọ fún ohun tí ń ṣe wọ́n.

Ìgbà tí kò sí ilé ẹjọ́

Kò pẹ́ tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ní àǹfààní yìí. Láti ọdún 1933 ni Ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti wà, ṣùgbọ́n fún ọdún tí ó lé ní àádọ́ta, ohun tí ó bá sọ ni abẹ gé. Bí ológun bá sì fẹ́ gba agbẹjọ́rò, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1864, nígbà ogun abẹ́lé wọn, sọ pé agbẹjọ́rò náà kò gbọdọ̀ gbà ju dọ́là 10 lọ. Òfin náà kò yí padà títí dọ́là 10 fi di owó tí kò lè ra nǹkan gidi, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì tún fọwọ́ sí i ní ọdún 1985.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988 ni òfin tuntun jáde lábẹ́ Ààrẹ Ronald Reagan. Ó dá ilé ẹjọ́ pàtàkì kan sílẹ̀ fún àwọn ológun fẹ̀yìntì, ó sì gba àwọn agbẹjọ́rò láàyè láti gba owó tí ó bójú mu. Láti ìgbà náà ni ẹlòmíràn tí kò sí lábẹ́ VA ti ń wo iṣẹ́ VA wò. Púpọ̀ nínú ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ náà ń yẹ̀ wò ni ó sì ń dá padà, yálà lódindi tàbí lápá kan.

Ọ̀nà mẹ́ta láti ọdún 2019

Òfin mìíràn tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2019, tún ètò náà tò. Ẹni tí ìpinnu VA kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọdún kan láti ọjọ́ tí ó wà lórí lẹ́tà náà láti mú ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìíní ni ìbéèrè àfikún. Ológun yóò mú ẹ̀rí tuntun tí ó kan ọ̀rọ̀ náà wá, VA yóò sì tún gbogbo rẹ̀ wò. Ọ̀nà kejì ni àtúnyẹ̀wò láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí ipò rẹ̀ ga ju ti ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ìpinnu lọ. Kò sí ẹ̀rí tuntun nínú èyí, ṣùgbọ́n ológun tàbí aṣojú rẹ̀ lè bá òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti tọ́ka sí àṣìṣe. Ọ̀nà kẹta ni Ìgbìmọ̀. Níbẹ̀, ológun lè ní kí adájọ́ lo ìwé tí ó wà nílẹ̀ nìkan, ó lè fi ẹ̀rí kún un láàárín 90 ọjọ́, tàbí kí ó béèrè láti fara hàn níwájú adájọ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹni tí ó mọ ìdí tí a kò fi gbà fún un ni yóò mọ ọ̀nà tí yóò tọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rí ni kò tó, àtúnyẹ̀wò ọ̀gá kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀rí kò ní pọ̀ sí i lọ́nà náà. Bí ẹ̀rí bá pé, tí ẹni tí ó kà á sì ṣì í kà, kò sídìí láti máa wá ẹ̀rí mìíràn kiri.

Ohun tí ìdápadà jẹ́ ní ipele kọ̀ọ̀kan

Bí ọ̀gá tí ó ṣe àtúnyẹ̀wò bá rí i pé VA kò ran ológun lọ́wọ́ tó láti wá ẹ̀rí, yóò dá ìwé náà padà kí wọ́n lọ ṣe é. Bí adájọ́ Ìgbìmọ̀ bá rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ tí ó ti wà kí VA tó ṣe ìpinnu, òun náà yóò dá a padà. Nínú ìwé rẹ̀, yóò kọ ohun tí ó fẹ́ ní ẹsẹẹsẹ: kí ẹ lọ gba ìwé ilé ìwòsàn báyìí, kí ẹ ṣe àyẹ̀wò tuntun, kí oníṣègùn dáhùn ìbéèrè yìí àti ìyẹn, kí ó sì sọ ìdí.

Ibì kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí ènìyàn là sí. Lábẹ́ ètò àtijọ́, ìyẹn fún àwọn ìpinnu tí ó ti wáyé kí oṣù kejì ọdún 2019 tó dé, ẹjọ́ tí a bá dá padà yóò tún gòkè lọ bá Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ bí VA kò bá gbà fún ológun. Lábẹ́ ètò tuntun, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. VA yóò ṣe àtúnṣe, yóò sì kọ ìpinnu tuntun. Bí ìpinnu náà kò bá dára, ọdún kan mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ológun fúnra rẹ̀ ni yóò sì tún yan ọ̀nà. Ẹni tí ó bá jókòó, tí ó ń rò pé ẹjọ́ òun ti wà lọ́nà Washington, lè jókòó títí ọdún náà yóò fi pé.

Ti ilé ẹjọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ilé ẹjọ́ máa ń fagi lé ìpinnu Ìgbìmọ̀, yóò sì dá ẹjọ́ náà padà fún Ìgbìmọ̀ láti tún un dá. Lọ́pọ̀ ìgbà, agbẹjọ́rò ológun àti ti VA ni wọ́n jọ máa ń gbà pé àṣìṣe wà, tí wọ́n sì jọ máa ń kọ̀wé pé kí ilé ẹjọ́ dá a padà. Lẹ́yìn èyí, kí ológun ka lẹ́tà tí Ìgbìmọ̀ bá kọ sí i dáadáa, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rí tuntun ṣì lè wọlé, àti ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dé.

Ní ọdún 1998, ilé ẹjọ́ náà fi ohun pàtàkì kan lélẹ̀ nínú ẹjọ́ Stegall: bí a bá ti dá ẹjọ́ padà pẹ̀lú àṣẹ, ológun ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n tẹ̀lé àṣẹ náà. Bí adájọ́ bá ní kí oníṣègùn dáhùn ìbéèrè mẹ́ta, tí ó sì dáhùn méjì, iṣẹ́ kò tíì parí. Nítorí náà, kí ológun fi ìwé àṣẹ náà sí ẹ̀gbẹ́ èsì àyẹ̀wò tuntun, kí ó máa kà wọ́n pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá

Láti inú Ìgbìmọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, ọjọ́ 120 péré ni òfin fi sílẹ̀. Bí gbèdéke yìí ti le tó hàn nínú ẹjọ́ Henderson. Ọkùnrin náà jagun nígbà ogun Kòríà, VA sì ti gbà pé àìsàn ọpọlọ rẹ̀ wà ní ìdá 100. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ kọ̀ láti gba ìbéèrè rẹ̀ fún owó ìtọ́jú inú ilé, ó pẹ́ ní ọjọ́ 15 kí ó tó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, àìsàn kan náà ni ó sì sọ pé ó fà á. Ilé ẹjọ́ lé e padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní ohùn kan pé gbèdéke náà kì í ṣe irú èyí tí ó ń ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Henderson kò sí láyé mọ́ nígbà náà; aya rẹ̀ ni ó bá a dé òpin ọ̀nà. Ìdájọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe ìrọ̀rí. Ẹni tí ó bá pẹ́ ní láti fi ìdí tí ó lágbára hàn.

Ọdún kan tí a mẹ́nu bà lókè náà ní ìdí tirẹ̀. Bí ológun kò bá jẹ́ kí okùn náà já, tí ó ń dáhùn sí ìpinnu kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún kan, ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ béèrè ni a lè ka owó rẹ̀ láti ibẹ̀ nígbà tí ó bá jàre. Bí okùn bá já, ó ṣì lè mú ìbéèrè àfikún wá, ṣùgbọ́n owó ọdún tí ó ti kọjá lè bá omi lọ.

Ìdájọ́ kan ní ọdún 2025 tún mú kí iṣẹ́ ìsàlẹ̀ ṣe pàtàkì sí i. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún náà, nínú ẹjọ́ Bufkin, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé bí VA bá ti wọn ẹ̀rí tí ó sì sọ pé wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ilé ẹjọ́ àwọn ológun kò ní tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tí ó hàn gbangba nìkan ni yóò wá. Kí ni èyí kọ́ wa? Orí ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀rí ti pọ̀. Nígbà tí ẹjọ́ bá sì padà sí ìsàlẹ̀, ó ti padà sí ibi tí ìwọ̀n wà.

Ohun tí ológun lè ṣe nígbà tí ẹjọ́ bá padà

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó lọ sí àyẹ̀wò tí VA bá pè é sí. Ẹni tí kò bá lọ, tí kò sì ní ìdí gúnmọ́, lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ohun tí ó ń wá. Bí ọjọ́ náà kò bá rọrùn, kí ó tètè pè wọ́n láti yí i padà, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ìkejì kan àṣà wa. Bí a bá béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ Yorùbá, "A dúpẹ́" ni yóò dáhùn, bí egungun rẹ̀ tilẹ̀ ń ro ó. Ìwà ọmọlúàbí ni lójú wa, ṣùgbọ́n oníṣègùn tí kò mọ̀ wá yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara aláìsàn yá. Kí ológun sọ bí ọjọ́ tí ó burú jù ṣe ń rí: iye ìgbà tí ó ń ṣẹlẹ̀ lóṣù, ohun tí kò lè ṣe ní ọjọ́ náà, àti bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó dìde. Kí ó má fi kún un, kí ó má sì yọ kúrò.

Ìkẹta, kí àwọn tí wọ́n ń bá a gbé kọ̀wé. Aya tí ó ń rí i bí ọkọ rẹ̀ ti ń ta jí lóru, ẹ̀gbọ́n tí ó mọ̀ ọ́n kí ó tó wọ iṣẹ́ ogun, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wà ní bárékè, gbogbo wọn lè sọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹni tí ó wà ní Nàìjíríà náà lè kọ tirẹ̀.

Ìkẹrin, bí ó bá ní oníṣègùn tirẹ̀, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ka ìwé iṣẹ́ ogun rẹ̀ kí ó tó kọ èrò rẹ̀, kí ó sì ṣe àlàyé. Lójú òfin, kò pọn dandan kí oníṣègùn fi gbogbo ẹnu sọ pé iṣẹ́ ogun ni ó fà á. Bí ó bá lè sọ pé ó kéré tán, bí ó ti ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣeé ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ti dọ́gba nìyẹn.

Ìkarùn-ún, kí ó wá ẹni tí VA fọwọ́ sí láti ṣojú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ bíi American Legion, DAV àti VFW ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Agbẹjọ́rò tí VA fọwọ́ sí lè gba owó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbà á fún ìbéèrè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí VA bá ti ṣe ìpinnu lórí rẹ̀ ni. Ìdá 20 nínú 100 owó ẹ̀yìn tí ológun bá jẹ ni òfin kà sí owó tí ó bójú mu. Ẹni tí ó bá ń béèrè owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, tàbí tí ó ń ṣèlérí ìdá 100, ẹ sá fún un.

Bí ara kò bá lè dúró de ìwé

Ẹjọ́ lè dúró, ṣùgbọ́n àìsàn kì í dúró. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 75, ẹni tí àìsàn rẹ̀ le, tàbí ẹni tí àìlówó ti fẹ́ lé jáde nílé lè kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fa ẹjọ́ òun síwájú. Bí ológun bá kú kí ẹjọ́ tó parí, ẹjọ́ náà kò di dandan kí ó bá a wọ ilẹ̀: aya, ọkọ tàbí ẹlòmíràn tí òfin dá mọ̀ lè béèrè láàárín ọdún kan láti gba ipò rẹ̀ kí ó sì máa bá a lọ.

Ìdúró pẹ́ títí náà máa ń pa ọkàn lára. Bí ológun kan ní Amẹ́ríkà bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ayé ti sú, kí ó pe 988 lórí fóònù, kí ó sì tẹ 1. Tọ̀sán-tòru ni àwọn tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ àwọn ológun wà níbẹ̀, kò sì pọn dandan kí VA ti gba ẹjọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Ní ti àwọn ẹbí nílé, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti dá ẹjọ́ ọmọ yín padà, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì. Kí ni wọ́n ní kí VA lọ tún ṣe? Ọjọ́ wo ni ọjọ́ ìkẹyìn tí ó gbọ́dọ̀ fèsì? Bí ó bá lè dáhùn méjèèjì, ẹjọ́ náà ṣì wà láàyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sì lè dáhùn, ẹ sọ fún un pé kí ó mú lẹ́tà náà lọ sọ́dọ̀ aṣojú tí VA fọwọ́ sí ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an.